Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ohun tí Ayurveda Kọ́ Mi nípa Túúlu

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ohun tó jìnnà sí iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí fífọ́ ni, ti ilẹ̀ Íńdíà sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì, ní ọjọ́ kejì ìdánwò kan tí kò wá ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí ló ń fọ́ mi lánàá, mi ò lè dìde." Èmi náà dá a lóhùn pé, "Ta ni orí kì í fọ́? Èmi tí mo jókòó yìí, orí ń fọ́ mi." Ó dìde, ó dúpẹ́, ó jáde. Òdo ni mo kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó là á yé mi pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni orí ọmọ náà ti máa ń fọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi òòlù lù ú. Kì í lè wo ìmọ́lẹ̀, ariwo díẹ̀ a máa ni í lára, a máa bì, ó sì lè tó ọjọ́ méjì kí oúnjẹ tó kọjá ọ̀fun rẹ̀. Ojú tì mí. Ohun tó jẹ́ kí ìtìjú náà wọ̀ mí lára jù ni pé mo mọ àìsàn yìí láti kékeré. Ìyá mi ní in. Bí àwa ọmọ bá ti rí i pé Màámi ti fi ọ̀já gbá orí wọn pinpin, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá, a ti mọ̀ pé eré ti tán nínú ilé lọ́jọ́ náà. Túúlu ni wọ́n ń pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ti sọ pé, "Túúlu ló mú mi," ó dá mi lójú pé n kò ní fèsì bí mo ṣe fèsì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó dí èmi àti àánú lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè tiwa ná. Àwa Yorùbá kì í sọ pé a ní orí fífọ́ bí ẹni ní aṣọ tàbí ilé. Orí ló ń fọ́ wa, inú ló ń run wá, ẹ̀yìn ló ń dùn wá. Ẹ̀yà ara ni olùwà nínú gbólóhùn náà, ẹni tí ó ń jìyà ni àbọ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe fọ́ fúnra rẹ̀. Òun náà ni a ń lò fún àwo, fún ẹyin àti fún igbá. Ìgbà tí a wá so mọ́ orí, tí a sì fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí i, ó di ẹ̀fọ́rí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, tó sì ń ya àwòrán ohun tó ń ṣe aláìsàn. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó gbà ju bó ti yẹ lọ. Orí tó ń fọ́ ẹni tí oòrùn pa, ti ẹni tí ebi ń pa, ti ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀ àti ti ẹni tí kò sùn, ẹ̀fọ́rí ni gbogbo wọn. Túúlu wà láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni ó kù sí jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí ìtìjú yìí lé mi dé ìdí ìwé, inú ìwé nípa ìṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ni mo bọ́ sí. Ayurveda ni wọ́n ń pe ìṣègùn náà. Èdè Sanskrit ni orúkọ yìí ti wá: āyus ni ìwàláàyè tàbí ẹ̀mí gígùn, veda sì ni ìmọ̀. Mẹ́ta ni a ka sí àgbà nínú àwọn ìwé rẹ̀: ti Caraka, ti Suśruta, àti èyí tí Vāgbhaṭa kọ. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ènìyàn ti ń kà wọ́n, tí wọ́n ń dà wọ́n kọ, tí wọ́n sì ń kọ àlàyé lé wọn lórí.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìwé Suśruta ka oríṣi àìsàn orí mọ́kànlá, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ sūryāvarta. Sūrya ni oòrùn, āvarta sì ni yíyí. Ẹ̀fọ́rí tó ń bá oòrùn rìn ni: á bẹ̀rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á máa le sí i títí di ọ̀sán gangan, á sì máa rọlẹ̀ bí oòrùn ti ń lọ wọ̀. Òmíràn ni ardhāvabhedaka. Ardha ni ìdajì, avabhedaka sì ni ohun tó ń la nǹkan tàbí tó ń gún un. Ẹ̀fọ́rí tó ń la ìdajì orí ni. Suśruta ní ó lè dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, tàbí kó dé lójijì, òòyì sì lè bá a rìn. Caraka tọ́ka sí ọrùn, ìpéǹpéjú, ẹ̀bátí, etí, ojú àti iwájú orí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ìrora náà wé ti ohun ìjà tó ń géni. Mo ka apá yìí tán, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì rántí Màámi pẹ̀lú ọ̀já wọn.

Kì í ṣe àwọn ará Íńdíà nìkan ni ìdajì orí yìí hàn sí. Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́ tó ń kọ ìwé ní èdè Gíríìkì, pè é ní hemikrania: hemi ni ìdajì, kranion ni agbárí. Ọ̀rọ̀ yìí ni Látìn gbà, tí ẹnu àwọn ará Faransé gé kúrú di migraine, tí Gẹ̀ẹ́sì sì yá lò. Lárúbáwá ń pè é ní shaqīqa, láti ara ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ lílà sí méjì. Ní èdè Híńdì òde òní, ādhāsīsī ni orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè é, ìyẹn ìdajì orí. Ẹ ò rí i pé oníkálukú wo aláìsàn kí ó tó sọ àìsàn ní orúkọ? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Túúlu tiwa kò ṣe é tú sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́rí, ìdajì kò sì hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ọ̀gá, orúkọ kì í wo àìsàn." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán inú orí tí dókítà fi ń sọ pé túúlu ni èyí. Bí wọ́n bá ya àwòrán orí, láti mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ibo ló ti ń fọ́ ọ? Ṣé ó ń lù kìkì bí ìlù? Ó máa ń pẹ́ tó ìgbà wo? Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, láti wákàtí 4 sí wákàtí 72 ni ó sábà máa ń gbà. Ṣé ó ń rìn ọ́ bí èébì? Ṣé ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ń ni ọ́ lára? Ṣé o máa ń rí ohun tó ń kọ mànà lójú kó tó bẹ̀rẹ̀? Níbí yìí, èdè ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ní ju gbólóhùn "orí ń fọ́ mi" lọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oògùn ibà ni yóò gbà lọ sílé lọ́dọọdún.

Báwo wá ni Ayurveda ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Wọ́n gbà pé agbára mẹ́ta ló ń tukọ̀ ara: vāta, tó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́, pitta, tó jẹ mọ́ òróòro, àti kapha, tó jẹ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀kan bá ru kọjá ààlà ni àìsàn ń dé. Àwọn ìwé náà kò fẹnu kò lórí ìdajì orí yìí: Caraka ní vāta ni, bóyá òun nìkan tàbí òun àti kapha; Suśruta ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ́wọ́ sí i. Ìtọ́jú tí wọ́n kà sí pàtàkì ni nasya, ìyẹn kíkán òróró tí a fi egbòogi sè sí ihò imú, nítorí lójú tiwọn, ọ̀nà imú ni a ń gbà wọ inú orí. Wọ́n tún ní śirodhārā, nínú èyí tí òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ yóò máa ṣàn lọ́ lọ́ lọ́ sí iwájú orí aláìsàn tó sùn kalẹ̀. Wọ́n ń fi nǹkan lílọ̀ ra iwájú orí, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní ghī, ìyẹn òróró bọ́tà tí a yọ́.

Èyí tí mo ka sí iyebíye jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìlànà ìgbé ayé. Nígbà tí Caraka ń ka ohun tó ń fa àìsàn orí, ó ka àìsùn lóru, oorun ọ̀sán, ọtí, ariwo sísọ̀rọ̀, òórùn tí kò dára, eruku, èéfín, oòrùn, ẹkún, àti mímú ohun tí ara fẹ́ yà mọ́ra. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn dókítà òde òní ń sọ fún onítúúlu: kí ó máa sùn kí ó sì máa jí ní àkókò kan náà, kí ó má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀, kí ó ṣọ́ra fún òórùn líle, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yòò àti ọtí, kí ó sì máa kọ ọjọ́ tí ó bá dé sílẹ̀. Ìdí tí Caraka fún wọn kọ́ ni dókítà ń fún wọn, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo aláìsàn mú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dúró sí nìyí. Ẹni tó mọ àìsàn ṣàpèjúwe lè má mọ ọ́n wò. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí a ti ṣe lórí nasya àti śirodhārā fún túúlu ni àwọn tó kópa nínú wọn kò pọ̀, ó sì ṣòro láti fi pamọ́ fún aláìsàn pé òróró gidi ni wọ́n ń dà sí i lórí. Atalẹ̀ gbígbẹ, tí Sanskrit ń pè ní śuṇṭhī, ti rí àyẹ̀wò tó dára díẹ̀: ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Iran tẹ àbájáde kan jáde lórí onítúúlu 100, nínú èyí tí atalẹ̀ lílọ̀ àti sumatriptan, oògùn òyìnbó fún túúlu, fi mú kí ìrora rọlẹ̀ bákan náà láàárín wákàtí méjì. Ó wúni lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn asán láti fi ṣe ìfiwéra, igi kan kò sì lè dá igbó ṣe.

Ewu sì tún wà. Ọmọ ìyá mi kan ra ìyẹ̀fun kan fún Màámi lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó ní oògùn Íńdíà ni, pé yóò gbá túúlu dànù pátápátá. Mo yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn, n kò rí orúkọ ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e pamọ́. Màámi bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ní ìwé ti yí mi lórí. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004, tí a ṣe lórí oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n ń tà ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. Nínú 14 ni wọ́n ti rí òjé, mẹ́kúrì tàbí áséníìkì. Nígbà tí wọ́n tún wo oògùn 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni irú èyí tún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún orí fífọ́ kò gbọdọ̀ lọ fi òjé ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí a kọ́ lára àwọn ará Íńdíà? Bí wọ́n ṣe fi èdè dáàbò bo ìmọ̀ wọn ni. Ní ọdún 1995, wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ àdánìkanní lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo ọgbẹ́. Ìjọba Íńdíà ta kò ó, wọ́n gbé ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n sì fagi lé ẹ̀tọ́ náà ní ọdún 1997. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìmọ̀ ìṣègùn wọn sínú àkójọ kan lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Faransé, Sípáníìṣì àti Jàpáànù. Ní ọdún 2014, wọ́n dá iṣẹ́ òjíṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún Ayurveda àti àwọn ìṣègùn mìíràn bíi rẹ̀. Ọdún márùn-ún àtààbọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé Sanskrit tí wọ́n lè ṣí lé tábìlì, kí ni wọn ì bá fi jà?

Àwa náà kò ṣe aláìní ènìyàn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Pierre Verger kọ ìwé *Ewé*, tó jáde ní ọdún 1995, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo sílẹ̀ ní Yorùbá nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora ti Ifẹ̀ gbé ìwé jáde ní ọdún 1982 lórí egbòogi ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù rẹpẹtẹ, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè. Oríṣi ẹ̀fọ́rí mélòó ni ó ní orúkọ ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Oǹdó, ní Ìgbómìnà, ní Kétu? Báwo ni ìyá àgbà ní abúlé ṣe ń ṣàpèjúwe ẹ̀fọ́rí tó ń bá oòrùn rìn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, èyí rèé. Kí ó tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ oníṣègùn kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì ṣe kọ ọ́ pé oògùn kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó dán an wò dáadáa.

Bí túúlu bá ń dà yín láàmú, ẹ tọ dókítà lọ, kí ẹ sì fi Yorùbá tó kún sọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ má ṣe máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ náà a máa fa ẹ̀fọ́rí. Bí orí bá fọ́ yín lójijì bí irú rẹ̀ kò ti í ṣẹlẹ̀ rí, tàbí tí ibà àti ọrùn líle bá bá a dé, tàbí tí apá kan ara ń kú, tàbí tí ẹnu ń kólòlò, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn, mo wá a rí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì lọ sọ fún àwọn tó yẹ pé èmi ni mo ṣì í ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí ó tún ìdánwò náà ṣe. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Sà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọ ọ́fíìsì mi tó ní orí ń fọ́ òun, mo máa ń ní kí ó jókòó ná. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í pé, "Apá ibo?"